Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Fóònù àti Laptop Yín Síná Láìséwu Tí Ẹ Bá Rìnrìn Àjò Lọ Sókè Òkun

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń múra ìrìn àjò máa ń bi mí ṣáá: "Ṣé ṣájà mi á ṣiṣẹ́ níbi tí mò ń lọ?" Ara ṣájà yẹn gan-an ni ìdáhùn wà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kọ ọ́ síbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ ló kàn rí wínníwínní débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á.

Ohun méjì ló ń yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn: bí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe rí, àti bí iná tó ń tinú rẹ̀ jáde ṣe lágbára tó. Ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni gbogbo èèyàn ń dààmú lé lórí, bẹ́ẹ̀ òun ni wàhálà rẹ̀ kéré jù. Bí púlọ́ọ̀gì ò bá bá sọ́kẹ́ẹ̀tì mu, kò ní wọlé ni, ẹ ó sì wá adápítọ̀. Agbára iná ló ń jó nǹkan. Òun ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó náwó sí ohunkóhun.

## Ẹ kọ́kọ́ ka ara ṣájà

1. Ẹ yí orí ṣájà padà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ INPUT sí. Ti laptop máa ń wà lára ike dúdú tó wà láàárín wáyà rẹ̀. Tí ojú ò bá rí i dáadáa, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ wá fa fọ́tò náà tóbi.
2. Tó bá jẹ́ 100–240V, 50/60Hz lẹ rí níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀ (V, ìyẹn fóòtì, ni bí iná ṣe lágbára tó; Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Iná orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́, ṣájà yẹn á gbà á. Adápítọ̀ nìkan lẹ máa nílò. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú ṣájà fóònù, laptop àti kámẹ́rà òde òní ṣe rí nìyẹn.
3. Tó bá jẹ́ 120V tàbí 110–120V nìkan ni wọ́n kọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná rẹ̀ jẹ́ 220V sókè láéláé.
4. Tó bá jẹ́ 220–240V nìkan, tí ẹ sì ń lọ síbi tí iná wọn jẹ́ 120V, ó lè má jóná, àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ó tiẹ̀ lè má tàn rárá.
5. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ohun tí ẹ máa kì bọ iná, lọ́kọ̀ọ̀kan. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín oníná àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbójú fò, àwọn yẹn gan-an ló sì lè jẹ́ 120V nìkan.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ níbí. Ẹlòmíì á ka OUTPUT dípò INPUT, á rí 5V tàbí 20V, àyà á sì já a. OUTPUT ni iná tí ṣájà ń fi ránṣẹ́ sínú fóònù. Kò kan ògiri rárá.

Ní ti agbára iná fúnra rẹ̀, Amẹ́ríkà àti Kánádà ń lo 120V. Ti Japan ni 100V. Ilẹ̀ Yúróòpù, Ọsirélíà, àti ibi tó pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà wà láàárín 220V sí 240V. Brazil ló ń rú àlejò lójú jù: iná àwọn ìlú kan níbẹ̀ jẹ́ 127V, ti àwọn míì sì jẹ́ 220V, nítorí náà ẹ bi òtẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó kì ohunkóhun bọ ògiri. Ní ti 50Hz àti 60Hz, ṣájà ò bìkítà. Aago tó ń fi iná ògiri ka àkókò àti ẹ̀rọ tó ní mọ́tò nìkan ló lè máa sáré jù tàbí kó máa falẹ̀.

## Irú ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa bá níbẹ̀

Lẹ́tà A, B, C ni wọ́n fi ń dárúkọ wọn kárí ayé. Tí ẹ bá ń ra adápítọ̀, lẹ́tà yìí ni kí ẹ wá lára páálí rẹ̀.

- A àti B (irin pẹlẹbẹ méjì, tàbí méjì pẹ̀lú irin róbótó kan): Amẹ́ríkà, Kánádà, Mẹ́síkò. A ló pọ̀ jù ní Japan.
- C, E àti F (irin róbótó méjì): èyí tó pọ̀ jù nílẹ̀ Yúróòpù. E ni ti ilẹ̀ Faransé, F ni ti Jámánì àti Sípéènì.
- G (irin pẹlẹbẹ mẹ́ta tó nípọn): Bìrìtéènì, Ireland, Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Dubai, Saudi Arabia, Malaysia, Singapore, Hong Kong.
- I (irin pẹlẹbẹ tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́): Ọsirélíà, New Zealand, Ajẹntínà, Ṣáínà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì Ṣáínà sábà máa ń gba irú A náà.
- D àti M (irin róbótó ńlá mẹ́ta): Íńdíà ló ń lo D, Gúúsù Áfíríkà ló ń lo M. Ẹ máa rí N náà nínú àwọn ilé tuntun ní Gúúsù Áfíríkà.
- J, L àti N: Switzerland, Ítálì, Brazil, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra wọn.

Púlọ́ọ̀gì C tó tín-ín-rín, ìyẹn onírin méjì tí kò ní irin ẹlẹ́ẹ̀kẹta, máa ń wọ E, F, J, L àti N. Kì í wọ G.

Ibi tí mo sì ti fẹ́ kìlọ̀ nìyí. Ihò méjì ìsàlẹ̀ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì G ní ìlẹ̀kùn kékeré nínú, irin tó gùn jù lára púlọ́ọ̀gì G, tó ń wọ ihò òkè, ló ń ṣí i. Àwọn kan máa ń ti ẹnu bíírò bọ ihò òkè yẹn kí ìlẹ̀kùn lè ṣí, kí wọ́n wá rọ́nà ki púlọ́ọ̀gì onírin méjì wọlé. Mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ irin púlọ́ọ̀gì yẹn ò kún ihò, kì í dúró dáadáa, ó ń gbóná, fíúùsì tó yẹ kó wà nínú púlọ́ọ̀gì láti dáàbò bò yín ò sì sí níbẹ̀ mọ́. Adápítọ̀ gidi ò wọ́n tó kí ẹ máa fẹ̀mí wewu báyẹn.

## Adápítọ̀ kì í dín iná kù

Ká sọ ọ́ kó yé wa yékéyéké: adápítọ̀ kàn ń pààrọ̀ ẹnu púlọ́ọ̀gì ni. Bí iná 230V bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, 230V náà ló máa gba iwájú jáde. Ohun tó ń yí agbára iná padà ni tiransifọ́mà, òun wúwo, ó sì ní iye wáàtì (W, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ ń fà) tó lè gbé.

Ohun tó bá ń mú ooru jáde ló máa ń dá wàhálà yìí sílẹ̀: áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù oníná, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun tàbí tí wọ́n fi ń na irun. Bí iná bá di ìlọ́po méjì, agbára tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa fà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀rọ ìgbẹrun 1,000W tí wọ́n ṣe fún 120V máa gbìyànjú láti fa 4,000W lórí 240V. Kò ní pẹ́ tí òórùn ike tó ń jó á fi gba yàrá.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi gbogbo ohun tó ń gbóná sílé. Èyí tó pọ̀ jù nínú òtẹ́ẹ̀lì ló ní áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìgbẹrun tí ẹ lè béèrè. Tó bá di dandan kí ẹ gbé tiyín dání, ẹ gbé èyí tó ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń yan 125V tàbí 250V, kí ẹ sì yí bọ́tìnì náà kí ẹ tó kì í bọ ògiri. Àwọn tó ra irú ẹ̀ tí wọ́n wá gbàgbé láti yí i kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n náà ní tiẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún iná 120V, pàápàá tó bá ní ohun tó ń dènà iná tó bá ṣàdédé ga, lè gbiná tí ẹ bá kì í bọ 230V. Tí ẹ bá fẹ́ ojú iná púpọ̀ sí i, ṣájà olójú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó gba 100–240V sàn jù ú lọ.

Bí laptop onírin bá ń ta yín ní ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tó wà lórí iná, ó lè jẹ́ pé adápítọ̀ onírin méjì ló ń fà á, torí iná kékeré tó ń jò náà ò rọ́nà wọlẹ̀. Ẹ lo adápítọ̀ àti wáyà onírin mẹ́ta. Tó bá ń gbá yín gan-an, kì í ṣe pé ó kàn ń ta yín, ẹ yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

## Ọ̀nà tó rọrùn jù adápítọ̀ lọ

Wáyà USB yín ò yí padà níbikíbi. Orí ṣájà nìkan ni ẹnu rẹ̀ ń yàtọ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá máa pẹ́ níbi kan, ẹ ra orí ṣájà ti ibẹ̀, kí ẹ máa lo wáyà tiyín. Kò sí adápítọ̀ láàárín tó máa mì tàbí gbóná.

USB-C ti mú kí èyí túbọ̀ rọrùn. Láti December 28, 2024 ni àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan kí àwọn fóònù tuntun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ máa lo USB-C, ti laptop sì bẹ̀rẹ̀ ní April 28, 2026. Orí ṣájà USB-C kan tó jẹ́ 65W lè gbé fóònù àti ọ̀pọ̀ laptop tí kò tóbi. Àmọ́ ẹ wo wáyà náà: wáyà USB-C lásán ò gbé ju 60W lọ, èyí tó máa gbé 100W gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí wọ́n ṣe fún 5A (A ni bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà ṣe pọ̀ tó). Bí laptop bá ń sọ pé òun ń gba iná díẹ̀díẹ̀, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ ṣọ́ ayédèrú nígbà tí ẹ bá ń rà. Èyí tó fúyẹ́ bí ìgbà tí nǹkan ò sí nínú rẹ̀, tí lẹ́tà ara rẹ̀ ń parẹ́, tí irin rẹ̀ ń mì, tàbí tí kò sí INPUT kankan lára rẹ̀, ẹ dá a padà. Àmì ààbò CE (ti Yúróòpù) tàbí UL (ti Amẹ́ríkà) dáa kó wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń ṣe ayédèrú mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì náà, torí náà ẹ má fi mọ síbẹ̀.

## Power bank nínú bàálù

Wọ́n ti gba power bank lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní pápákọ̀ òfurufú torí pé wọn ò ka iye ara rẹ̀. Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé:

1. Ẹ wá Wh lára rẹ̀, ìyẹn bí iná tó lè kó pamọ́ ṣe pọ̀ tó. Tó bá jẹ́ mAh nìkan lẹ rí, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.7, kí ẹ wá fi 1,000 pín in. Èyí tó jẹ́ 20,000mAh á jẹ́ 74Wh. Èyí tó jẹ́ 30,000mAh á jẹ́ 111Wh.
2. Tí kò bá ju 100Wh lọ, wọ́n máa ń gbà á wọlé. Láàárín 100Wh sí 160Wh, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù, kò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Èyí tó bá ju 160Wh lọ, ẹ fi sílé.
3. Inú báàgì ọwọ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ wà. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi sínú ẹrù tó ń lọ sí ikùn bàálù. Bí wọ́n bá gba báàgì ọwọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà bàálù torí pé àyè ti kún, ẹ yọ power bank kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ. Ibí yìí gan-an ni àwọn èèyàn ti ń gbàgbé.
4. Ẹ bo ojú irin rẹ̀, tàbí kí ẹ kó o sínú àpò tirẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ tàbí owó ẹyọ má bàa kàn án.
5. Ẹ ka òfin ilé iṣẹ́ bàálù tí ẹ máa wọ̀, kódà tí ẹ bá ti wọ̀ ọ́ rí.

Òfin wọ̀nyí ti le sí i lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Lẹ́yìn tí bàálù Air Busan kan jóná ní Gúúsù Kòríà ní January 2025, ìjọba ibẹ̀ sọ pé láti March 1 ọdún yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi power bank sínú àpótí òkè orí mọ́. Láti April 1, 2025 ni Singapore Airlines ti ní kí èrò má ṣe lò ó nínú bàálù, kí wọ́n má sì fi í síná níbẹ̀. Emirates náà ṣe irú òfin yẹn ní October 1, 2025, ẹyọ kan péré tí kò tó 100Wh ni wọ́n sì gbà fún èrò kọ̀ọ̀kan. Ní Ṣáínà, láti June 28, 2025, power bank tí kò bá ní àmì 3C (àmì ààbò ti Ṣáínà) lára ò gbọ́dọ̀ wọ bàálù tó ń ná àárín orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó ra power bank rẹ̀ níbòmíì, tó wá fẹ́ wọ bàálù láti Beijing lọ sí Shanghai, lè fi í sílẹ̀ sọ́wọ́ wọn.

Bí fóònù bá jábọ́ sáàárín àga nínú bàálù, ẹ má ṣe yí àga yẹn síwájú tàbí sẹ́yìn láti wá a. Àga lè tẹ bátìrì rẹ̀ fọ́, kó sì gbiná. Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ bàálù.

## Nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì

1. Ẹ wo ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Tó bá dúdú nítorí iná, tó ń mì nínú ògiri, tàbí tó ń dún ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́, ẹ lo òmíràn kí ẹ sì sọ fún wọn nísàlẹ̀.
2. Ẹ kì adápítọ̀ wọlé dáadáa, kí ẹ tó so ṣájà mọ́ ọn. Bí orí ṣájà bá wúwo tó ń fa adápítọ̀ bọ́ jáde, ẹ lo wáyà tó gùn, kí orí ṣájà lè jókòó sórí ilẹ̀ tàbí tábìlì.
3. Ní àwọn ibi tó ń lo G, sọ́kẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ní bọ́tìnì tirẹ̀. Kí ẹ tó sọ pé ṣájà ti bàjẹ́, ẹ wò ó bóyá ẹ ti tẹ̀ ẹ́.
4. Nínú yàrá tó jẹ́ pé káàdì ẹnu ilẹ̀kùn ló ń tan iná, gbogbo nǹkan máa kú tí ẹ bá yọ káàdì jáde. Ẹ béèrè sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kì í kú, tàbí kí ẹ fi nǹkan síná nígbà tí ẹ bá wà nínú yàrá. Èyí gan-an ló sàn jù.
5. Orí tábìlì ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má sì tì í sábẹ́ ìrọ̀rí.
6. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fọwọ́ kan orí ṣájà àti adápítọ̀. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ò burú. Bí ọwọ́ ò bá lè dúró lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa bá nínú balùwẹ̀ tí wọ́n kọ "shavers only" sí lára ò wà fún fóònù. Iná tó ń jáde níbẹ̀ kéré, omi sì wà nítòsí.

Ìgbóná àti òtútù náà ń ṣe bátìrì. Apple sọ pé ibi tí ooru rẹ̀ wà láàárín 0°C sí 35°C ló dáa láti lo iPhone. Ẹ má fi fóònù síná nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn. Tí ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti inú yìnyín, ẹ jẹ́ kí fóònù kọ́kọ́ móoru díẹ̀, torí pé fífi bátìrì líthíọ́ọ̀mù síná nígbà tó bá tutù ju 0°C lọ máa ń bà á jẹ́ nínú, kò sì ní ṣeé tún ṣe.

## Ojú USB ní pápákọ̀ òfurufú àti nínú bọ́ọ̀sì

Ní April 2023, ọ́fíìsì FBI, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá ìwádìí Amẹ́ríkà, tó wà ní Denver kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn yẹra fún ojú USB tó wà ní gbangba, torí pé ẹni burúkú lè gba ibẹ̀ wọ inú fóònù. Òótọ́ ni pé wáyà USB ń gbé iná, ó sì tún ń gbé ìsọfúnni. Àmọ́ lójú tèmi, ẹni tó ń rìnrìn àjò ní láti bẹ̀rù olè tó máa gbé fóònù tó ń gba iná lọ ju èyí lọ. Ẹ má fi í sílẹ̀ kí ẹ lọ ra nǹkan mímu.

Ohun tí ẹ lè ṣe:

- Ẹ lo orí ṣájà yín nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri dípò ojú USB.
- Tó bá jẹ́ USB nìkan ló wà, ẹ fi power bank sí i, kí ẹ wá fi power bank yẹn gbé fóònù lẹ́yìn náà.
- Bí fóònù bá béèrè bóyá kó fọkàn tán kọ̀ǹpútà tí ẹ so ó mọ́, ẹ sọ pé rárá.
- Ẹ má ṣe lo wáyà tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀.

## Kí ẹ tó ti báàgì

☐ INPUT gbogbo ẹ̀rọ ti di kíkà
☐ Lẹ́tà sọ́kẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ, àti ti ibi tí ẹ máa yà sí
☐ Adápítọ̀ méjì, nítorí ọ̀kan máa ń sọ nù
☐ Power bank nínú báàgì ọwọ́, pẹ̀lú Wh rẹ̀ tó ṣeé kà
☐ Wáyà kan tó lé

Bí Wh ara power bank bá ti parẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ lè gbà á, kódà tí kò bá tóbi.

## Bí nǹkan bá gbóná, tó wú tàbí tó ń yọ èéfín

1. Ẹ pa iná láti bọ́tìnì ògiri tí ẹ bá lè dé ibẹ̀ láìséwu. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.
2. Tó bá ti ń yọ èéfín tàbí tó ń dún ṣíì, ẹ jáde kúrò nínú yàrá, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe fa èéfín yẹn sínú, májèlé ni.
3. Ẹ sọ fún òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ pe àwọn panápaná: 112 nílẹ̀ Yúróòpù, 999 ní Bìrìtéènì, 911 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà.
4. Tí fóònù tàbí power bank kékeré bá gbiná, tí kò sì sí lórí iná ògiri mọ́, omi púpọ̀ lè mú kó tutù. Ẹ dà á láti ibi tó jìnnà díẹ̀. Tí ọwọ́ yín ò bá ká a, ẹ sá.
5. Nínú bàálù, ẹ má ṣe fi bò mọ́lẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ ké sí àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Bátìrì tó ti wú, bóyá ti fóònù ni o tàbí ti power bank, ẹ má fi í síná mọ́, ẹ má gún un, ẹ má sì gbé e wọ bàálù, torí pé òfin kọ bátìrì tó ti bàjẹ́ nínú bàálù. Ẹ má jù ú sínú garawa ìdọ̀tí yàrá yín náà. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà tó ń ta ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ní àpótí tí wọ́n ń kó bátìrì sí, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ó ti wú kí ẹ tó gbé e síbẹ̀.